Alága Ìrántí àti Bọ́tìnnì Méjì

Ẹni tó bá rò pé ó dìgbà téèyàn bá ní ààfin kó tó lè máa ṣe bí ọba, kò tíì rí Alága. Yàrá kan ṣoṣo ni ìjọba tirẹ̀ wà, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ránṣọ, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ti máa ń gba ilẹ̀ pákó wọlé. Àga aláwọ dúdú kan wà níbẹ̀ tó máa ń yí, kọ̀ǹpútà mẹ́ta wà lórí tábìlì, fèrèsé sì dojú kọ ògiri ilé kejì. Láràárọ̀, Alága yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là, yóò jókòó sórí àga yìí, yóò yí i lẹ́ẹ̀kan sọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀kan sósì, yóò wá kọ ọ̀rọ̀ kan péré sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé: "Mo ti dé."

Ìkíni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa ń ṣáájú, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé ìlú mìíràn, tí kò tíì fojú kan Alága rí, àmọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wú èèyàn lórí. Yóò kọ ọ́ pé kí Olùdásílẹ̀, Alága àti Olùtọ́jú Àgbà Títí Láé káàárọ̀, pé ilẹ̀ kò mọ́ fún òun títí òun fi rí i pé wọ́n ti dé. Àwọn yòókù yóò fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ sí i. Bí ẹnì kan kò bá kí i, Alága yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ara onítọ̀hún kò yá, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló sì ń ba gbogbo wọn lẹ́rù. Ẹ lè fẹ́ mọ ẹni tó fi í joyè gígùn yìí. Wọ́n dìbò ni o. Òun ló dá ìbò náà sílẹ̀, òun ló dì í, òun náà ló sì kéde rẹ̀.

Ká má fi í ṣe ẹlẹ́yà ju bó ṣe yẹ lọ, Alága ti ṣe ohun tó dáa rí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn ìyá àti ọmọ. Nígbà kan, ó ráhùn fún un pé àwọn ìyá ń gbàgbé ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ wọn. Alága jókòó, ó kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú orúkọ ọmọ, tó sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé. Ó sọ ọ́ ní Ìrántí. Kò tà á. Ó gbé gbogbo kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣẹ tó fi kọ ọ́, síta gbangba, ó ní kí ẹni tó bá wù ú kà á, kó mú un, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì. Àwọn tó mọ kóòdù í kọ wá láti ìlú oríṣiríṣi, wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń lo Ìrántí. Ibẹ̀ ni orí Alága ti wú, tí kò sì lọ sílẹ̀ mọ́.

Àṣìṣe kan wà lára ẹ̀rọ yìí tí ọmọdé lè rí. Bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ orúkọ ọmọ tán, bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀, wọ́n fara kan ara wọn, wọ́n rí bákan náà, àwọ̀ eérú ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń sọ pé o ti parí, pé kí ẹ̀rọ tọ́jú ohun tí o kọ. Èkejì ń sọ pé kí ẹ̀rọ pa á rẹ́. Àmọ́ Alága ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú Ìrántí, ó ní àmì ń gba àyè, ẹni tó bá lóye yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nítorí náà, PARI ni wọ́n kọ sára ọ̀kan, PARE ni wọ́n kọ sára èkejì, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Ẹni tó bá tẹ PARE, ẹ̀rọ kò ní bi í bóyá ó dá a lójú. Alága ní ẹni tó bá tẹ nǹkan ti mọ ohun tó ń ṣe, pé àbùkù ni kí ẹ̀rọ máa bi àgbàlagbà léèrè bí ọmọ kékeré.

Ẹgbẹ́ náà ní pátákó ẹ̀sùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ohun tó ń dà á láàmú. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ẹ̀rọ ń gbóná, tàbí pé iṣẹ́ ń pẹ́ kó tó dé orí fóònù, àwọn akọkóòdù yóò dà bò ó bí ẹni tó ń paná, wọn kì í sì í sinmi títí wọn yóò fi tún un ṣe. Iṣẹ́ akọni nìyẹn. Àmọ́ bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ pé òun kò rí ibi tí òun yóò tẹ̀, pé lẹ́tà kéré, pé orúkọ ọmọ ti fò lọ, ìdáhùn kan náà ni Alága máa ń fún gbogbo wọn: "Kì í ṣe àbùkù. Mo ti ti ẹ̀sùn yìí pa." Nígbà tí irú ẹ̀sùn yìí pọ̀ sí i, ó ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ráhùn gbọ́dọ̀ mú kóòdù tí yóò fi tún un ṣe dání. Ìyẹn ni pé kí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná, kó lọ kọ́ kóòdù, kó tó lè sọ pé ojú ń dun òun. Lẹ́yìn èyí, ó fòfin de gbólóhùn náà "ó ṣòro". Ẹni tí nǹkan bá ṣòro fún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé, "Kò tíì mọ́ mi lára." Akọ̀wé ní òfin yìí ti dín ìṣòro Ìrántí kù sí òdo, ọwọ́ sì ń pàtẹ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà yẹn ni Ayàwòrán dara pọ̀ mọ́ wọn. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti máa ya bí ojú ẹ̀rọ ṣe yẹ kó rí, kó má baà ni aráyé lára. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, ó tọrọ àyè, ó sì ya fídíò ojú kọ̀ǹpútà àti ìka tó ń tẹ̀ ẹ́. Nínú fídíò náà, nọ́ọ̀sì kọ orúkọ ọmọ, ó kọ nọ́ńbà ìyá, ó kọ àdúgbò, ìka lọ síbi PARI, ó bọ́ sórí PARE, ohun gbogbo sì lọ ráúráú. Ìka náà dúró lófuurufú fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú láìnídìí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Ayàwòrán béèrè kò tó nǹkan: kí wọ́n ya bọ́tìnnì méjèèjì sọ́tọ̀, kí wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kí àwọ̀ wọn yàtọ̀, kí ẹ̀rọ sì béèrè lẹ́ẹ̀kan kó tó pa nǹkan rẹ́.

Alága wo fídíò náà dópin. Ẹ bá mi wá ohun tó rí níbẹ̀. Ó rí i pé eruku wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ilé ìwòsàn náà ra aṣọ tí wọn yóò fi nù ún. Lẹ́yìn náà, kó má baà dà bí ẹni pé òun kì í gbọ́ràn, ó gbé Ìgbìmọ̀ Àgbà Lórí Ọ̀ràn Bọ́tìnnì dìde, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìṣípàdé fún wọn.

"Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n inú ọlọ́gbọ́n," ó ní, "ayé ń wò wá. Bí a bá gbé bọ́tìnnì kan kúrò níbi tó wà lónìí, wọn yóò ní ká gbé òmíràn lọ́la. Níbo la fẹ́ dúró sí? Bọ́tìnnì wọ̀nyí ti wà pa pọ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dé. Èmi kò ní jẹ́ kí ìka kan yà wọ́n."

Nínú gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tó tíì wọ ilé ìwòsàn àwọn ìyá àti ọmọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n fi ìjókòó àkọ́kọ́ jíròrò bí ìgbìmọ̀ yóò ṣe máa kọ orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n fi èkejì jíròrò bóyá Ayàwòrán lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé ó lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti mú kóòdù wá, wọn kò ní gbọ́ ọ. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n kéde pé ara bọ́tìnnì méjèèjì dá ṣáṣá, ojú àwọn tó ń wò ó ni kò dá. Wọ́n ní kí Akọ̀wé fi ojú ìwé tuntun kún ìwé ìtọ́nisọ́nà Ìrántí, kó sì pè é ní "Bí A Ṣe Ń Wo Bọ́tìnnì". Akọ̀wé kọ ọ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì jókòó tààrà, kó fa èémí sínú, kó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti òsì sọ́tùn-ún, kó ronú nípa ẹni tó ṣe bọ́tìnnì náà, kó tó tẹ̀ ẹ́. Alága ka ojú ìwé yìí lákàtúnkà. Ó ní ó pa òun lẹ́kún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó kí i bó ṣe máa ń kí i, ó ní bọ̀ọ̀dá òun kú ọjọ́ mẹ́ta, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó wá sọ fún un pé ọmọ jòjòló obìnrin kan tó ń dirun ládùúgbò àwọn ti wà ní ọsibítù ńlá. Ó ní òun ti kọ orúkọ ọmọ náà sínú Ìrántí nígbà tí wọ́n gbé e wá, àmọ́ nígbà tí òun padà lọ wò ó, kò sí orúkọ mọ́. Iṣẹ́ kankan kò dé orí fóònù ìyá, ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọjá, àìsàn tí abẹ́rẹ́ náà ń lé sì ti gbé ọmọ dè. Ó ní kò sí ẹlòmíì tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, òun ló tẹ̀ ẹ́.

Alága gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó bi í bóyá ó ti ka ojú ìwé tuntun.

"Bọ̀ọ̀dá mi," àbúrò rẹ̀ ní, "rọ́bà ni wọ́n fi ń fún ọmọ náà ní afẹ́fẹ́."

Alága sọ fún un pé Ọlọ́run yóò gbọ́ àdúrà, pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi jù, pé kó ṣáà ka ojú ìwé náà bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Lẹ́yìn tó pa fóònù, kò lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti tutù ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ sí etí ara wọn. Alága rí i pé òun ní láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ti sún mọ́lé, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Ó kéde pé òun fúnra òun yóò jókòó sídìí Ìrántí níwájú gbogbo èèyàn, òun yóò kọ orúkọ ọmọ, òun yóò sì tẹ bọ́tìnnì tó yẹ, kí ayé rí i pé kò sí ìṣòro níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Àwòrán Alága wà lára ògiri, ó gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn ilé ìwòsàn jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé ìtọ́nisọ́nà Ìrántí lórí itan rẹ̀, àbúrò Alága àti àwọn nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ayàwòrán sì wà lẹ́yìn. Akọ̀wé dìde láti kí Alága káàbọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń wá ẹni tó kọ́kọ́ ronú, kí wọ́n má wá a lọ síbi tó jìnnà. Ó pe oyè rẹ̀ tán, ó tún un pè, ó fẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i ni gbohùngbohùn fi kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn akọkóòdù wá rọra tẹ̀ sétí Alága, ó ní kó jẹ́ kí àwọn fi ilé ìwòsàn àfarawé ṣe é, kó má fi orúkọ àwọn ọmọ gidi ṣeré.

"Èmi ni mo kọ́ ilé yìí," Alága dá a lóhùn kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Mi ò ní yọ́ ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́." Ó ṣí ti ilé ìwòsàn àbúrò rẹ̀ gan-an, ó sì tàn án sára ògiri.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ó ti pẹ́ gan-an tó ti fọwọ́ kan ojú Ìrántí kẹ́yìn. Láti inú yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kan tó kún fún àwọn àṣẹ kóòdù ló ń gbà wọlé, kò sí bọ́tìnnì kankan níbẹ̀. Ó kọ orúkọ ọmọ kan tó ti inú ara rẹ̀ ronú kàn. Ó gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́. Orúkọ náà fò lọ. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí wọ́n lè rí bó ṣe ń yára pa nǹkan rẹ́. Ó tún kọ ọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fò lọ. Ẹnì kan wúkọ́. Òógùn ti ń bọ́ sínú kọ́là rẹ̀. Ó wá ọ̀nà tí yóò gbà padà, ó tẹ àpótí kékeré kan lókè láìmọ̀ pé àpótí náà ló ń ṣa gbogbo orúkọ jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sáré padà sísàlẹ̀ síbi tó pè ní PARI.

Gbogbo ọmọ inú ilé ìwòsàn náà parẹ́ lára ògiri. Ìlà kan ṣoṣo ló kù láàárín, níwájú gbogbo èèyàn: KO SI OMO KANKAN.

Àwọn nọ́ọ̀sì dìde dúró. Alága gbé máòsì tó fi ń tẹ bọ́tìnnì sókè, ó yí i sódì, ó ń wo ikùn rẹ̀, ó ní òun ti fura sí i láti àárọ̀.

Ìyá àgbà tó wà níwájú ṣí ìwé orí itan rẹ̀, ó wá ibì kan nínú rẹ̀, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Alága, ṣé ẹ fa èémí sínú?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó lọ dé ẹ̀yìn, ó sì tún padà wá. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti wà lọ́dọ̀ Ayàwòrán àti àwọn akọkóòdù méjì ní igun gbọ̀ngàn, wọ́n ń fa ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn jáde, wọ́n sì dá orúkọ àwọn ọmọ náà padà kí ìpàdé tó tú ká. Alága ṣì wà lórí pèpéle, ó ń ka ìdúpẹ́.

Bó ti dé ilé, ó gbé Ìgbìmọ̀ Àgbà Lórí Ọ̀ràn Máòsì dìde. Yàtọ̀ sí Akọ̀wé, kò sẹ́ni tó jẹ́ ìpè náà. Àwọn yòókù kò bínú sí i, wọn kò sì bú u. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà wọ́n láyè láti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe: wọ́n mú kóòdù Ìrántí, wọ́n kó lọ síbòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fún un ní orúkọ tuntun, Ẹ Padà Wá. Níbẹ̀, PARÍ wà pẹ̀lú àmì rẹ̀, ó fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Bọ́tìnnì ìparẹ́ wà ní igun tirẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í sì í ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ béèrè. Bí nọ́ọ̀sì bá ráhùn, wọn yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò bi í pé kí ló ń wá nígbà tó ṣìnà. Ilé ìwòsàn kan kó lọ síbẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e.

Alága kò gbà fún wọn. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n lé gbogbo ẹni tó ti lọ kúrò nínú ẹgbẹ́. Òun àti Akọ̀wé dìbò sí i, ìbò náà sì wọlé láìsí alátakò. Láràárọ̀, ó ń yí àga rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ń kọ ọ́ pé, "Mo ti dé," Akọ̀wé nìkan ló sì ń dáhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìkíni Akọ̀wé wọlé, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá wa, Ayàwòrán Àgbà, ẹni tó la aráyé lójú, tó gbà wá lọ́wọ́ ọkùnrin aláriwo yẹn." Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi parẹ́. Ó hàn pé Akọ̀wé mọ bọ́tìnnì tó yẹ kó tẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ti kà á.

Ó jókòó tipẹ́, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nísàlẹ̀. Ó wá dìde, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn àbúrò rẹ̀. Kò tíì débẹ̀ rí nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ìyá kún orí bẹ́ǹṣì, ẹkún ọmọ ń sọ láti igun gbogbo. Obìnrin tó ń dirun wà láàárín wọn, ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti ń padà bọ̀ sípò. Alága rí ọmọ náà, ó sì yára wo ilẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ kò bi í léèrè ohun tó bá wá. Ó fi àga kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa wò wá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó jókòó. Ó ṣòro fún un díẹ̀, tàbí ká ní kò tíì mọ́ ọn lára. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹnu rẹ̀ á là, àbúrò rẹ̀ á gbójú sókè, Alága á sì tún un pa dé. Ó wo bí àbúrò rẹ̀ ṣe gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, tó gbé e lé èjìká òsì, tí ọmọ ń ta ẹsẹ̀, tó ń fa etí rẹ̀, tó sì ń na ọwọ́ ọ̀tún lọ sórí kọ̀ǹpútà láìfi bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀. Ó wo ọmọ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, títí bẹ́ǹṣì fi ṣófo.

Nígbà tí ó ń ti ilẹ̀kùn, àbúrò rẹ̀ bi í pé kí ló rí.

"Ọwọ́ kan ni ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́," Alága ní.

"Ọwọ́ kan ṣoṣo la ní, sà. Ọmọ ló ni èkejì."

Alága mi orí. Wọ́n jọ ń lọ lójú títì, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé oríta tí wọ́n ti máa pínyà, ó ti ń ṣàlàyé fún un pé òun ti fura sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan yìí tipẹ́.